Quarterback wa ò fẹ́ fún fullback ní bọ́ọ̀lù, kí la máa ṣe?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Kóòṣì. Mo wà lára àwọn tó ń kọ́ àwọn ọmọ ọdún 13 sí 14 ní football ti Amẹ́ríkà níbí ní Georgia. Ọdún yìí la bẹ̀rẹ̀ triple option, níbi tí quarterback, ẹni tó ń darí eré, á ti yàn bóyá kó fún fullback tó ń sáré gba àárín ní bọ́ọ̀lù, kó gbé e sáré fúnra ẹ̀, tàbí kó jù ú fún ẹni kẹta, torí àwọn ọmọ wa ò tóbi ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ wọn yá. Wàhálà ibẹ̀ ni pé gbogbo ìgbà ni quarterback wa máa ń fa bọ́ọ̀lù padà, ìwọ̀nba ìgbà tó bá sì fẹ́ fún fullback, bọ́ọ̀lù á já bọ́. Kóòṣì àgbà wa ní ká kúkú máa sọ ẹni tó máa gbé bọ́ọ̀lù fún un kí play tó bẹ̀rẹ̀. Ṣé ká ṣe bẹ́ẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìsapá, ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi kí kóòṣì àgbà yín, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́ ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá ti ń sọ ẹni tó máa gbé bọ́ọ̀lù kí wọ́n tó snap ẹ̀, ìyẹn kí wọ́n tó fi bọ́ọ̀lù lé quarterback lọ́wọ́ láti bẹ̀rẹ̀ eré, option ti tán nìyẹn, torí ẹnì kan wà lára àwọn alátakò tẹ́ ẹ mọ̀ọ́mọ̀ fi sílẹ̀ tẹ́nì kankan ò dí lọ́nà, tó bá wá jẹ́ ọwọ́ onítọ̀hún gan-an lẹ ti gbé bọ́ọ̀lù lọ ńkọ́? Á kàn gbé ọmọ yín ṣánlẹ̀ ni.

Fún àwọn yòókù tó ń kà á, football ti Amẹ́ríkà là ń sọ o, kì í ṣe ti Super Eagles. Defensive end, ẹni tó dúró létí ìlà àwọn alátakò, a ò ní dí i. Tackle wa, ọ̀kan lára àwọn tó ń dí alátakò lọ́nà níwájú, tó yẹ kó kọjú ẹ̀ á yọ́ gba inú kọjá, á lọ bá linebacker, alátakò tó dúró lẹ́yìn ìlà iwájú wọn. Tí defensive end bá kó sí fullback lára, quarterback á fa bọ́ọ̀lù padà, á sáré gba ibi tó ṣí sílẹ̀ lọ. Tó bá ń dúró de quarterback, fullback á ti gbé e kọjá. Ẹni tó bá ń lé eku méjì, òfo ni yóò mú bọ̀. Ẹnì kejì ṣì wà lóde tá ò dí, òun náà á yàn láàárín quarterback àti ẹni tó ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ láti gba pitch, ìyẹn bọ́ọ̀lù tí quarterback bá jù sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìyẹn ni pé a ti yọ èèyàn méjì kúrò nínú 11 wọn láìfọwọ́ kàn wọ́n, ìdí ẹ̀ rèé táwọn tíìmù tí ò ní òmìrán fi fẹ́ràn ẹ̀.

Houston níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí, kóòṣì Bill Yeoman ló fi veer, oríṣi option kan, lélẹ̀ ní University of Houston láàárín àwọn ọdún 1960, nígbà tó di 1968 Emory Bellard gbé wishbone, oríṣi mìíràn, kalẹ̀ fún University of Texas, ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n di ọ̀gá gbogbo tíìmù yunifásítì. Georgia tiyín náà kì í ṣe àjèjì sí i, kóòṣì Paul Johnson ṣe é ní Georgia Southern, ó gbé e dé Navy, tíìmù ilé ẹ̀kọ́ ọmọ ogun ojú omi, ó tún padà wá ṣe é ní Georgia Tech láti 2008 títí di 2018. Ẹ ò ní ṣàìrí àwọn tó mọ̀ ọ́n dáadáa lágbègbè yín, ẹ wá wọn lọ.

Ó dáa, ká padà sọ́dọ̀ ọmọ yẹn. Lójú tèmi, nǹkan tẹ́ ẹ ní kó máa rò ló pọ̀ jù. Tẹ́ ẹ bá sọ fún ọmọ ọdún 13 pé "wò ó, kó o pinnu", láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ohun tó máa ṣe ò ju kó di bọ́ọ̀lù mú lọ, torí ọwọ́ ara ẹ̀ ló fọkàn tán. Òfin kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ fún un: fún fullback, àfi tí defensive end bá lè mú fullback. Fífún un ni ilé, fífà á padà ni ó gbọ́dọ̀ ní ìdí. Tí ò bá dá a lójú, kó fún un, ó burú tán fullback á rí yáàdì kan tàbí méjì, ìyẹn sàn ju bọ́ọ̀lù tó ń yí kiri nílẹ̀ lọ. Lọ́dọ̀ ẹnì kejì tá ò dí, ẹ yí òfin yẹn padà: gbé e sáré, àfi tó bá wá bá ẹ. Àwọn kóòṣì kan máa ń ní pitch ni ilé, àmọ́ fún ọmọdé, èmi ò fẹ́ pitch tó pọ̀, torí tó bá já bọ́ lẹ́yìn, ẹni tó bá kọ́kọ́ bò ó ló ni ín.

Èjìká defensive end tó sún mọ́ ọn ni kó máa wò, kí wọ́n tó snap ni ojú ẹ̀ ti gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, kó má wo fullback, kó má wo bọ́ọ̀lù. Tí èjìká yẹn bá yí wọnú tó ń lé fullback, kó fà á. Tó bá ń bọ̀ lókè tààrà, kó fún un. Èyí tó máa ń dà wọ́n láàmú jù ni kí defensive end kàn dúró sójú kan máa wò ó, ọmọ á fà á, wọ́n á sì mú un. Ẹni tó dúró ò lè mú fullback, nítorí náà kó fún un, ó tán.

Bọ́ọ̀lù tó ń já bọ́ yẹn, mi ò tíì rí fídíò yín àmọ́ màá sọ pé fullback ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Ó ti ń já a gbà. Fullback kì í gba bọ́ọ̀lù, wọ́n máa ń fi sílẹ̀ fún un ni. Kó gbé ìgúnpá tó wà lápá ọ̀dọ̀ quarterback sókè, kó fi apá méjèèjì bo bọ́ọ̀lù jẹ́jẹ́, kó sì máa sáré lọ; tí bọ́ọ̀lù bá wà níbẹ̀ nígbà tó kọjá, ìgbà yẹn ni kó dì í. Quarterback náà, kó na ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn pátápátá, kó fi bọ́ọ̀lù sí ikùn fullback, kó bá a lọ láti ìbàdí ẹ̀yìn dé ìbàdí iwájú tiẹ̀. Kó tó dé ìbàdí iwájú, ó ti gbọ́dọ̀ pinnu. Tó bá fẹ́ fún un, kó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn níkùn kó yọwọ́, tó bá fẹ́ fà á, kó fà á tagbáratagbára. Àárín méjèèjì ni bọ́ọ̀lù ti ń já bọ́. Ẹ tún fi tépù sàmì ibi tí fullback máa gbà sórí koríko, torí tó bá ń yà díẹ̀ báyìí, díẹ̀ lọ́hùn-ún, kò sí ọwọ́ tó lè bá a. Tó bá ń tètè dé jù, ẹ sún un sẹ́yìn, ẹ má ní kó dín eré kù o.

Láti wá kọ́ ọ, ẹ lé gbogbo àwọn yòókù lọ síbòmíì. Quarterback, fullback, ẹni tó máa snap, àti ẹ̀yin fúnra yín tẹ́ ẹ máa ṣe defensive end. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lójoojúmọ́, eré kíkún. Ẹ má máa nawọ́ sókè fún un bí àmì bí mo ṣe ń rí i táwọn kan ń ṣe, kò sí alátakò tó máa nawọ́ sókè fún un lọ́jọ́ eré, èjìká yín ni kẹ́ ẹ yí. Tí ìyẹn bá ti wọ̀ ọ́ lára, ẹ fi ẹnì kejì kún un àti ẹni tó ń gba pitch, kó wà ní nǹkan bíi yáàdì mẹ́rin sí ẹ̀gbẹ́ quarterback àti yáàdì kan sẹ́yìn ẹ̀, kó má sáré kọjá a. Bó bá yá wọ́n á máa dọ́gbọ́n sí yín, defensive end á mú fullback, linebacker á já wá bá quarterback lójú ẹsẹ̀, ìdáhùn ẹ̀ ni kó fà á kó sì ju pitch kíákíá. Àmọ́ ìyẹn ṣì dọ̀la.

Tí kóòṣì àgbà bá taku, ẹ ní kó pe play méjì àkọ́kọ́ fún fullback tààrà, kẹ́ ẹ wá fi ìyẹn wo ohun tí defensive end tiwọn ń ṣe, lẹ́yìn ìyẹn ẹ tú ọmọ sílẹ̀. Ẹ sì gbé fóònù sí ẹ̀yìn, lókè díẹ̀, kẹ́ ẹ ya gbogbo ẹ̀, torí láti ẹ̀gbẹ́ pápá ẹ ò lè mọ̀ bóyá ó yàn dáadáa. Ìpinnu ẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa fún ní máàkì, kì í ṣe yáàdì. Tó bá fún un níbi tó ti yẹ, tí linebacker wá mú fullback lẹ́yìn yáàdì kan, ó gbà á nìyẹn, ẹjọ́ tackle tó yẹ kó dí linebacker ni. Tó bá fà á níbi tí ò yẹ tó wá sáré 40 yáàdì, kò gbà á o, kódà tí màmá ẹ̀ bá ń jó níta.