Sísọ máàpù ìlú di àwòṣe oníhà mẹ́ta: níbo ni gíga ilé yóò ti wá?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Máàpù gbogbo ìlú wa ti wà nínú kọ̀ǹpútà. Ojú ìpìlẹ̀ ilé kọ̀ọ̀kan, òpópónà àti odò ló wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n pẹrẹsẹ ni gbogbo rẹ̀. Sọ́fítíwíà wo ni kí a rà tí a ó fi sọ ọ́ di àwòṣe oníhà mẹ́ta?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì náwó lórí sọ́fítíwíà. QGIS, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, lè gbé ìpìlẹ̀ ilé nàró. Ohun tí ẹ kò ní ni gíga ilé, òun gan-an ni owó àti àkókò yín yóò sì bá lọ.

Bí ẹ bá mọ iye àjà tí ilé kọ̀ọ̀kan ní, ẹ lè ka àjà kan sí mítà 3, kí ilé alájà mẹ́rin di mítà 12. Èyí tó láti fi rí bí ìlú ṣe rí lápapọ̀, àmọ́ yóò ṣì yín lọ́nà níbi ilé ìjọsìn àti ilé ìkẹ́rùsí, tí àjà kan ṣoṣo inú wọn lè ga ju mítà 3 lọ dáadáa.

Ọ̀nà tó péye jù ni kí wọ́n fi lésà wọn ìlú láti inú ọkọ̀ òfuurufú. Ohun tí yóò ti ibẹ̀ jáde ni òbítíbitì àmì kéékèèké, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ ibi tó wà àti bó ṣe ga tó, a ó sì ya àwọn tó bọ́ sórí ilẹ̀ lásán sọ́tọ̀ kúrò lára ti òrùlé àti ti igi. Bí òrùlé bá wà ní mítà 61.4 sókè ojú òkun, tí ilẹ̀ ìdí ilé náà sì wà ní mítà 52.2, gíga ilé náà jẹ́ mítà 9.2. Ẹ má ṣe mú àmì tó ga jù lọ lórí òrùlé, nítorí ó lè jẹ́ ẹ̀ka igi tàbí òpó ẹ̀rọ tẹlifíṣọ̀n. Èyí tó bọ́ sáàárín gbogbo wọn ló ṣeé gbára lé. Èmi a tún máa fa etí ìpìlẹ̀ náà wọnú díẹ̀ kí n tó kó àmì jọ, torí pé àwọn tó wà létí sábà máa ń jẹ́ ti ògiri tàbí ti ìta.

Ṣáájú gbogbo èyí, ẹ rí i dájú pé mítà ni a fi wọn máàpù yín, kì í ṣe dígírì, àti pé òun àti àkọsílẹ̀ gíga jọ ń lo ìlànà ìwọ̀n kan náà. Gíga tí ẹ̀rọ GPS ń kà ní tààrà lè fi ọ̀pọ̀ mítà yàtọ̀ sí èyí tí a kà láti ojú òkun, ilé yín yóò sì léfòó tàbí kí ó rì sínú ilẹ̀.

Nínú CityGML, ìlànà tí a fi ń ṣe àkọsílẹ̀ àwòṣe ìlú oníhà mẹ́ta, LOD ni ìpele kúlẹ̀kúlẹ̀ tí àwòṣe ní: LOD1 jẹ́ àpótí lásán, LOD2 ní ìrísí òrùlé, LOD3 ní ilẹ̀kùn àti fèrèsé. Bí ó bá jẹ́ pé ibi tí àgbàrá lè dé ni ẹ fẹ́ mọ̀, LOD1 tó yín; bí ó bá jẹ́ òrùlé tó yẹ fún iná oòrùn ni ẹ ń wá, LOD2 ni kí ẹ ṣe, nítorí pé ọ̀gangan ibi tí òrùlé dagun sí ló máa sọ iye oòrùn tí yóò gbà.