Láísẹ́ńsì wo ni mo gbọ́dọ̀ gbà kí n tó kó gàrí àti ẹ̀gúsí lọ sí Lọ́ndọ̀nù?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìbàdàn ni mo wà, àpò-àpò ni mo ń ta gàrí, èlùbọ́, ẹ̀gúsí àti ẹ̀wà. Àbúrò mi ní Lọ́ndọ̀nù ti bá mi rí ẹnì kan tó fẹ́ máa ra ọjà lọ́wọ́ mi. Ejẹ́ńtì kan wá sọ fún mi pé láísẹ́ńsì kan ṣoṣo ni mo nílò, pé òun náà ni màá fi kó ọjà jáde tí màá fi kó wọlé, òun á bá mi gbà á láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Ó ní bí mi ò bá lè dúró, kí n máa lo ti ẹlòmíì ná. Mo tún fẹ́ ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lẹ ẹnu ọ̀rá láti Ṣáínà. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ kú ọjà o, ẹ ó jèrè. Láísẹ́ńsì kan ṣoṣo tí ejẹ́ńtì yẹn ń sọ kò sí. Ohun tó jọ ọ́ ti wà rí. Kó tó di ọdún 1986, ẹni tó bá fẹ́ kó ọjà wọ Nàìjíríà gbọ́dọ̀ gba láísẹ́ńsì ìkówọlé lọ́wọ́ ìjọba, ṣùgbọ́n ìjọba pa ètò náà rẹ́ nígbà tí SAP, ètò àtúntò ọrọ̀-ajé, dé. Lónìí, ẹrù kọ̀ọ̀kan tó ń wọlé ló ní ìwé tirẹ̀, ìyẹn Form M. Èyí tó ń jáde náà ní tirẹ̀, ìyẹn Form NXP. Ohun tí àwọn èèyàn ń pè ní láísẹ́ńsì ìkójáde ni ìwé-ẹ̀rí ìforúkọsílẹ̀ tí NEPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbé ọjà títà sókè òkun lárugẹ, ń fún ilé-iṣẹ́. Òfin ní dandan ni kí ẹ ní in, àmọ́ òun nìkan kò lè gbé àpò gàrí kan kúrò ní Àpápá.

Nínú gbogbo ìwé tí ẹ máa nílò, òun ló rọrùn jù láti gbà. Ohun tó wà nínú àpò ló ń dá ẹrù padà láti ìlú òyìnbó. Nítorí náà, ẹ yẹ ọjà yín wò ná kí ẹ tó san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ yọ ẹ̀wà kúrò. Ní oṣù kẹfà ọdún 2015, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì wà lára wọn nígbà náà. Oògùn kòkòrò dichlorvos ni wọ́n bá nínú rẹ̀, òun ló wà nínú Sniper tí wọ́n ń fín sí ẹ̀wà kí kòkòrò má baà lu ú. Ìwọ̀n tí wọ́n fàyè gbà kò ju mílígírámù 0.01 nínú kílò kan. Èyí tí wọ́n bá nínú ẹ̀wà wa bẹ̀rẹ̀ láti 0.03, ó sì ga dé 4.6, ìyẹn ìlọ́po 460. Láti ìgbà náà, wọ́n ti fi àkókò kún ìfòfindè náà. Bí olùrà yín bá ta kú pé ẹ̀wà lòun fẹ́, kí ó kọ́kọ́ gba ìdáhùn sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ oúnjẹ níbẹ̀, kí ó sì fi ránṣẹ́ sí yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sì kó àpò tí ẹ fi tọ́jú ẹ̀wà olóògùn fún gàrí tàbí èlùbọ́. Oògùn náà máa ń ràn.

Nàìjíríà fúnra rẹ̀ ní ọjà tí kò gbà kó jáde. Lára wọn ni àgbàdo, gẹdú àti pákó, awọ tútù, àjákù irin, rọ́bà tí wọn kò tíì ṣe, ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, ẹranko igbó tó ń parun, àti ọjà yòówù tó jẹ́ pé òkèèrè ni wọ́n ti kó o wá. Ìkẹyìn yìí ló ń kó ọ̀pọ̀ ọlọ́jà sí wàhálà, torí wọ́n á fi mílíìkì alágolo tàbí ìrẹsì òkèèrè díẹ̀ kún ẹrù nítorí pé olùrà bẹ̀ wọ́n. Àwọn ọjà inú àtòkọ náà a sì máa yí padà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, ìjọba dá kíkó èso òrí tí wọn kò tíì ṣe jáde dúró fún oṣù mẹ́fà. Ti pọ̀nmọ́, ẹja gbígbẹ àti edé, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í gba ohun tó ti ara ẹran tàbí ẹja wá fún títà àfi láti orílẹ̀-èdè àti ilé-iṣẹ́ tó ti fọwọ́ sí, pẹ̀lú ìwé ìlera. Bí wọ́n bá bá pọ̀nmọ́ díẹ̀ nínú ẹrù gàrí yín, gbogbo ẹrù náà ni wọ́n lè dá dúró.

Ó wá ku gàrí, èlùbọ́ àti ẹ̀gúsí. Òṣùwọ̀n Codex, èyí tí àgbáyé ń lò fún oúnjẹ, ní omi inú gàrí kò gbọdọ̀ ju 12 nínú 100 lọ, májèlé cyanide inú rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ ju mílígírámù 2 nínú kílò kan. Gàrí tí wọ́n fi ìkánjú rin, tí ẹ̀gẹ́ rẹ̀ kò kan dáadáa, tí wọn kò sì fún omi rẹ̀ gbẹ, kì í sábà bọ́ nínú àyẹ̀wò yìí, nítorí kíkan, fífún àti yíyan ló ń lé cyanide jáde. Ẹ bá àwọn tó ń ta gàrí fún yín sọ ọ́ kó yé wọn. Ẹ̀gúsí ní ìṣòro tirẹ̀. Bí wọn kò bá sá a gbẹ kíá, ó máa ń bu, ohun tó bu yẹn ló ń pèsè májèlé aflatoxin. Aflatoxin kò ṣeé fọ̀ dànù, iná ìdáná kì í sì í pa á tán. Yíyọ èyí tó ti dúdú tàbí tó ti bu kúrò lójú ọjà á dín in kù, ṣùgbọ́n ilé àyẹ̀wò nìkan ló lè sọ iye tó kù. Ní ti èlùbọ́, ẹ má ra èyí tí wọ́n sá sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Eruku àti iyanrìn kò ní jẹ́ kó yege.

Èyí tó gbẹ nílé náà lè bàjẹ́ lójú omi. Kóńténà tó kúrò nínú ooru Èkó bọ́ sínú òtútù òkun máa ń làágùn. Omi á kóra jọ sí àjà irin rẹ̀, á sì máa kán sórí àpò. Ẹ fi ọ̀rá nípọn sínú àpò, ẹ so àwọn àpò tó ń fa ọ̀rinrin mọ́ ara kóńténà, kí ẹ sì fi páálí bo òkè ẹrù. Bí ẹ bá fẹ́ to ọjà sórí pálẹ́ẹ̀tì onípákó, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n ti fi ooru 56°C sè fún ìṣẹ́jú 30, tí òǹtẹ̀ IPPC, ìyẹn àdéhùn àgbáyé lórí ìlera ohun ọ̀gbìn, àti lẹ́tà HT sì wà lára rẹ̀. Pákó lásán lè dá ẹrù tó dára dúró.

Bí ọjà bá ti dá yín lójú, ẹ wá lọ sórí ìwé ilé-iṣẹ́. Ẹ forúkọ ilé-iṣẹ́ Limited sílẹ̀ ní CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀. Owó ìpín (share capital) rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín ní ₦100,000. Ẹ rí i pé kíkó ọjà oko àti oúnjẹ jáde wà lára iṣẹ́ tí ẹ kọ sílẹ̀. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀ náà lè gba ìwé-ẹ̀rí NEPC, èyí sì dára fún àwọn ìyá ọlọ́jà tó bá fẹ́ pawọ́ pọ̀. Lẹ́yìn èyí, ẹ gba nọ́ńbà owó-orí, kí ẹ wá kún fọ́ọ̀mù NEPC lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ gbé ìwé CAC yín sókè, kí ẹ sì san owó tó bá hàn síbẹ̀. Kò gba ejẹ́ńtì. Ohun tó ń ba iṣẹ́ jẹ́ níbí ni orúkọ. Bí CAC bá kọ “Nigeria Limited”, tí báńkì kọ “Ventures”, tí NEPC kọ “Nig. Ltd”, ẹ ó máa pààrà láàárín wọn fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Ẹ tún wo ọjọ́ tí ìwé-ẹ̀rí náà máa parí, kí ẹ tún un ṣe kó tó kọjá.

Nípa lílo ìwé-ẹ̀rí ẹlòmíì, ẹ má dá a lábàá. Orúkọ ẹni yẹn ló máa wà lórí Form NXP, àkáǹtì tirẹ̀ ni owó máa wọ̀, bí kò bá sì fún yín, kò sí ìwé tí ẹ máa fi bá a ṣẹjọ́. Òun pẹ̀lú ń fi ọrùn ara rẹ̀ sínú ewu, nítorí bí olùrà yín kò bá sanwó, òun ni báńkì máa dì mú.

Ìwé ọjà ló kàn. Ọ̀dọ̀ NAQS, àjọ tó ń yẹ ohun ọ̀gbìn àti ẹran wò, ni ẹ ti ń gba ìwé-ẹ̀rí ìlera ohun ọ̀gbìn. Wọ́n ní ibùdó ní Moor Plantation nílùú yín níbẹ̀. Òṣìṣẹ́ wọn gbọ́dọ̀ fojú rí ọjà kí wọ́n tó ti kóńténà pa. Àwọn tó ń ránṣẹ́ pè wọ́n lẹ́yìn tí síìlì ti wọ ilẹ̀kùn máa ń san owó ìtúpalẹ̀ àti ìtúntò. Gàrí tí ẹ dì sínú ọ̀rá kéékèèké pẹ̀lú orúkọ yín di oúnjẹ alápò, NAFDAC ló ń forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n sì máa ń yẹ̀ ẹ́ wò ní láàbù. Orúkọ ọjà, ìwọ̀n, ohun tó wà nínú rẹ̀, àdírẹ́sì, nọ́ńbà ìpele (batch number) àti ọjọ́ tó máa parí gbọ́dọ̀ hàn lára ọ̀rá náà. NACCIMA, ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò Nàìjíríà, ló ń fúnni ní ìwé-ẹ̀rí ibi tí ọjà ti wá. Bó bá di ọjọ́ kan tí ẹ fẹ́ ta kòkó tàbí yànmọ̀tí, àwọn olùyẹ̀wò irè oko ti ìjọba àpapọ̀ náà á dá sí i.

Ìwé owó wá. Báńkì yín lẹ ti ń ṣe Form NXP. Ẹ ṣí àkáǹtì domiciliary, ìyẹn àkáǹtì owó òkèèrè, ní orúkọ ilé-iṣẹ́, kí ẹ mú ìwé-ẹ̀rí NEPC, ìwé àdéhùn àti ínfóísì proforma, ìyẹn ínfóísì tí wọ́n ń kọ kí ọjà tó gbéra, lọ. Ínfóísì náà gbọ́dọ̀ ní HS code ọjà (nọ́ńbà tí àwọn aṣọ́bodè fi ń mọ irú ọjà), ìwọ̀n ọjà láìsí àpò àti pẹ̀lú àpò, iye FOB (iye ọjà títí tó fi wọ ọkọ̀, láìka owó ọkọ̀ ojú omi), èbúté tó ń lọ àti bí olùrà ṣe máa sanwó. Nígbà tí báńkì bá fọwọ́ sí i, nọ́ńbà NXP á jáde. Òun ni àwọn aṣọ́bodè máa wá lórí ìwé ẹrù yín. Owó NESS, ìyẹn owó àbójútó ọjà tó ń jáde, ni ẹ máa san tẹ̀ lé e, 0.5 nínú 100 iye FOB. Lórí ẹrù $10,000, iye náírà $50 nìyẹn. Àwọn olùyẹ̀wò tí ìjọba yàn á wá wo iye, ìwọ̀n àti dídára ọjà kó tó wọkọ̀, wọ́n á sì fún yín ní CCI, ìwé-ẹ̀rí pé ọjà yege àyẹ̀wò.

Àwọn kan máa ń kọ ìdajì iye kí NESS lè dín kù. Ẹ wo ìṣirò náà: bí ẹ bá kọ $5,000 dípò $10,000, $25 péré lẹ fi pa mọ́. Olùyẹ̀wò lè má gba iye náà, $5,000 tó kù kò sì ní ìwé tí ẹ lè fi gbà á sínú báńkì. Láti ọjọ́ tó wà lórí bill of lading, ìwé tí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi ń fúnni nígbà tó bá gba ẹrù, ọjọ́ 180 ni Báńkì Àpapọ̀ fún yín láti mú gbogbo owó ọjà wọ àkáǹtì yín. Bí kò bá wọlé, ẹ lè má rí NXP mìíràn gbà. Nítorí èyí, bí ẹ kò bá tíì bá olùrà kan ṣòwò rí, ẹ má fi ọjà ránṣẹ́ sí i pẹ̀lú ìlérí ẹnu, bó ti wù kí àbúrò yín mọ̀ ọ́n tó. Ẹ gba owó ìṣáájú tó lè san owó ọjà àti owó ọkọ̀, kí ẹ sì fi ìwé bill of lading sọ́wọ́ báńkì títí ìyókù á fi wọlé. Olùrà náà gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà EORI tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú GB, èyí tí àwọn aṣọ́bodè ibẹ̀ fi ń mọ oníṣòwò, kó tó lè gba ẹrù jáde. Ẹ béèrè rẹ̀ kí ẹ tó kó ọjà jọ. Ẹni tí kò bá ní in kò tíì múra.

Ẹ̀rọ láti Ṣáínà kò ní í ṣe pẹ̀lú ìwé NEPC rárá. Ẹ gbọ́dọ̀ ti ṣe Form M ní báńkì kí ẹ̀rọ náà tó wọ ọkọ̀ ojú omi. Ínfóísì proforma láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tà á, ìwé ìdójútòfò láti ilé-iṣẹ́ tó wà ní Nàìjíríà, àti ìwé-ẹ̀rí SONCAP ti SON, àjọ tó ń rí sí òṣùwọ̀n ọjà, ni wọ́n máa béèrè. Bí ẹ bá ti ní owó òkèèrè tiyín, Form M “not valid for forex” lẹ máa mú, ìyẹn èyí tí ẹ kò fi ní ra owó òkèèrè lọ́wọ́ báńkì. Lẹ́yìn tí ẹrù bá gbéra, báńkì á fi àwọn ìwé rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn aṣọ́bodè, wọ́n á sì gbé PAAR jáde, èyí tó ń sọ iye owó ibodè. Ẹ rí i pé PAAR ti wà nílẹ̀ kí ọkọ̀ tó gúnlẹ̀, torí démọ́rẹ́èjì, owó tí wọ́n ń gbà bí ẹrù bá pẹ́ ní èbúté, kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ẹ̀rọ kan ṣoṣo tí wọ́n ń gbé ka orí tábìlì ni, ẹ rà á lọ́wọ́ àwọn tó ti kó o wọ Èkó, kí ẹ sì gba rìsíìtì. Owó ìwé fún ẹ̀rọ kékeré kan lè ju owó ẹ̀rọ náà lọ.