Ṣé ìnákúnàá ni títún ọ̀nà tí kò tíì bàjẹ́ ṣe?

Ìbéèrè: Ìjọba ń da ọ̀dà sójú ọ̀nà márosẹ̀ tó ṣì ń dán. Ṣé kì í ṣe ìnákúnàá nìyẹn?

Ìdáhùn: Rárá o. Iṣẹ́ títì ni mo ń ṣe, omi ni mo sì mọ̀ ní ọ̀tá rẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo ojú ọ̀nà tó ń dán yẹn: ó ti sán tín-ín-rín bí irun. Ibẹ̀ lòjò ń gbà wọlé, tí abẹ́ rẹ̀ á rọ̀. Bí ọkọ̀ akẹ́rù bá gorí ẹ̀, kòtò dé. Ọ̀dà yẹn ló ń dí ibi tó sán kí omi má bàa wọlé. Ìdánwò ojú títì ti AASHO, ẹgbẹ́ àwọn aláṣẹ ojú títì ní Amẹ́ríkà (1958 sí 1960), fi hàn pé bí ẹrù orí táyà bá di ìlọ́po méjì, ìbàjẹ́ lè di ìlọ́po 16! Ó dùn mí pé owó ìtọ́jú ni wọ́n sábà ń kọ́kọ́ gé.