Èsì: Ìdí tí Ìjọ Elétò fi kéré ní Ogbómọ̀ṣọ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ béèrè pé nígbà tó jẹ́ pé Mẹ́tọ́díìsì, ìyẹn Ìjọ Elétò tiwa, ló ṣáájú Onítẹ̀bọmi (Baptist) dé ilẹ̀ Yorùbá, kí ló dé tí tiwa fi kéré ní Ogbómọ̀ṣọ́. Òótọ́ ni: ọjọ́ 24 oṣù Kẹsàn-án 1842 ni Thomas Birch Freeman, míṣọ́nnárì Mẹ́tọ́díìsì, gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì, ó sì rí Ṣódẹkẹ́, olórí àwọn Ẹ̀gbá, ní Abẹ́òkúta kí ọdún náà tó parí. Ṣùgbọ́n Bowen, míṣọ́nnárì Onítẹ̀bọmi, ló wọ Ogbómọ̀ṣọ́ ní 1855. Ilé ẹ̀kọ́ pásítọ̀ wọn tẹ̀ lé e, ilé ìwòsàn náà sì dé. Ta ni kò ní mọ ibi tí wọ́n ti wo ọmọ rẹ̀ sàn? Tiwa, ètò kíláàsì, ìyẹn pípín ọmọ ìjọ sí ẹgbẹ́ kéékèèké tó ní olórí, ló gbé wa ró: olórí kíláàsì ń bẹ aláìsàn wò nílé. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gidigidi.