Ọjọ́ Patrick Mímọ́ ní Írẹ́lándì: Ìdáhùn fún Ìyá tí Wọ́n Sọ fún pé Àjọ̀dún Ọtí Ni

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Dublin ni èmi àti àwọn ọmọ mi ń gbé, ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo sì ti ń ṣiṣẹ́. Ilé ẹ̀kọ́ ọmọ mi kọ̀wé pé kí ó wọ aṣọ aláwọ̀ ewé, kí ó sì bá wọn kọ́wọ̀ọ́ rìn ní ọjọ́ 17 oṣù kẹta. Ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa wá fi fídíò kan ránṣẹ́ pé àjọ̀dún ọtí àti ti iwin ni, pé ọmọ Kristẹni kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn. Ọ̀gá mi náà sì ní kí n wá ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Kí ni kí n ṣe?

ÌDÁHÙN: Ẹ jẹ́ kí ọmọ yín lọ. Mo fi ìdáhùn ṣáájú àlàyé nítorí pé ọdọọdún ni irú lẹ́tà yìí máa ń dé ọ̀dọ̀ mi bí oṣù kẹta bá ti ń sún mọ́lé, fídíò kan tàbí òmíràn ni ó sì máa ń wà nídìí rẹ̀. Ìtàn ẹ̀sìn Kristẹni ni mo ń kọ́ àwọn ènìyàn, ó sì ń dùn mí gidigidi pé àwọn tí kò ka ojú ìwé kan rí nípa Írẹ́lándì ni wọ́n ń dẹ́rù ba àwọn ìyá ọlọ́mọ. Ohun tí fídíò yẹn gbìn sí yín lọ́kàn ni pé ọtí ni ó bí ọjọ́ yìí, tí wọ́n wá fi orúkọ ènìyàn mímọ́ bò ó mọ́lẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ènìyàn ẹlẹ́ran-ara ni Patrick, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìwé méjì tí a ṣì ń kà títí di òní. Ọ̀rúndún karùn-ún ni ó gbé ayé. Ilẹ̀ Britain, ní abẹ́ ìṣàkóso àwọn ará Róòmù, ni wọ́n ti bí i, nígbà tí ó sì kù díẹ̀ kí ó pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni àwọn akónilẹ́rú láti Írẹ́lándì jí i gbé, tí wọ́n fi ṣe darandaran fún ọdún mẹ́fà kí ó tó rí ọ̀nà sá lọ. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, ó padà tọ àwọn tí wọ́n sọ ọ́ di ẹrú lọ láti wàásù fún wọn. Ọ̀kan nínú ìwé méjì náà jẹ́ ìwé ìbínú sí àwọn ọmọ ogun ọkùnrin kan tí ó ń jẹ́ Coroticus, nítorí pé wọ́n pa lára àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣèrìbọmi, wọ́n sì kó àwọn yòókù lẹ́rú. Yorùbá tí ó bá mọ̀ bí wọ́n ṣe kó Àjàyí Crowther lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821 nígbà tí ó wà ní ọmọdé, àti bí ó ṣe padà wá ṣe iṣẹ́ ìhìnrere láàárín àwọn ènìyàn rẹ̀, kò yẹ kí irú ìtàn yìí ṣàjèjì sí i.

Ọjọ́ 17 oṣù kẹta ni a gbà gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ tí Patrick kú. Ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, fádà kan tí ó jẹ́ ọmọ Waterford, Luke Wadding, sapá ní Róòmù títí ọjọ́ náà fi wọ inú kàlẹ́ńdà gbogbo ìjọ Kátólíìkì. Ní Írẹ́lándì, ọ̀kan ni ó jẹ́ lára àwọn ọjọ́ tí ó di dandan fún Kátólíìkì láti lọ sí Mísà.

Ṣùgbọ́n n kò ní tan yín: wọ́n ń mu ọtí lọ́jọ́ náà láti ìgbà pípẹ́. Àárín ààwẹ̀ Lẹ́ńtì ni ó máa ń bọ́ sí, wọ́n sì máa ń dẹ ààwẹ̀ náà díẹ̀, tí àwọn ènìyàn á jẹ ẹran, tí wọ́n á sì mu ife ọtí tí wọ́n ń pè ní ìkòkò Patrick. Ní 1681, arìnrìn-àjò ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan, Thomas Dineley, kọ ọ́ sílẹ̀ pé gbogbo ènìyàn ni ó ń fi àgbélébùú sí fìlà, pé àwọn mẹ̀kúnnù ń fi ewé shamrock sí i, àti pé díẹ̀ péré ni àwọn tí ọtí kò tíì pa nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú. Ìsinmi kúrò nínú ààwẹ̀ ni èyí. Ẹni tí kò bá sì gba ààwẹ̀ kò ní ohun tí ó fẹ́ dẹ̀.

Ohun tí ó yẹ kí ẹni tí ó ṣe fídíò yẹn mọ̀ nìyí. Òfin 1903 ni ó sọ ọjọ́ náà di ìsinmi ìjọba. Nígbà tí Írẹ́lándì ti ń ṣe ìjọba ara rẹ̀, wọ́n ṣe òfin ọtí kan ní 1927 tí ó pàṣẹ pé kí gbogbo ilé ọtí ti ilẹ̀kùn wọn ní ọjọ́ Kérésìmesì, ní Ọjọ́ Ẹtì Rere àti ní ọjọ́ Patrick Mímọ́. Ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ni ìjọba kà sí ọjọ́ tí ọtí kò gbọdọ̀ bà jẹ́. Títí di 1960 tí wọ́n yí òfin náà padà, ìyẹn ohun tí ó ju ọgbọ̀n ọdún lọ, ibi tí a mọ̀ jù lọ ní Dublin tí a ti lè ra ọtí ní ọjọ́ 17 oṣù kẹta láìrú òfin ni ibi ìfihàn ajá ní Ballsbridge, àwọn tí kò ní ajá sì máa ń lọ síbẹ̀. Àwọn arúgbó tí ẹ ń tọ́jú níbi iṣẹ́ lè rántí bí ìlú ṣe máa ń dákẹ́ lọ́jọ́ náà. Ẹ bi wọ́n léèrè.

Níbo wá ni ariwo ti wá? Púpọ̀ nínú rẹ̀ wá láti Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn ọmọ Írẹ́lándì tí wọ́n ṣí lọ ti fi ọjọ́ náà hàn pé àwọn náà jẹ́ ènìyàn. Ìwọ́de New York ti wà láti 1762, nígbà tí ó jẹ́ pé 1931 ni ìjọba Írẹ́lándì fúnra rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí ṣe agbátẹrù ti Dublin. Bíà tí wọ́n pa láró àwọ̀ ewé, Amẹ́ríkà ni ó ti wá. Odò Chicago tí wọ́n ń pa láró bákan náà láti 1962, Amẹ́ríkà náà ni. Ní 1996 ni Dublin sọ tirẹ̀ di àjọ̀dún ńlá fún àwọn àlejò, ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni ó sì di ọlọ́jọ́ púpọ̀. Ẹni tí ó bá rí ọ̀mùtí ní òpópónà lónìí tí ó wá sọ pé bí ó ti rí láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn ń parọ́ mọ́ ìtàn.

Ní ti iwin onífìlà tí wọ́n ń pè ní leprechaun, inú àlọ́ ni ó ti wá, kò sí ohun tí ó pa òun àti Patrick pọ̀. Ewé shamrock sì jẹ́ ewé oníka mẹ́ta lásán tí wọ́n ń so mọ́ àyà aṣọ. Ìtàn pé Patrick fi kọ́ni nípa Mẹ́talọ́kan kò sí nínú ìwé rẹ̀ méjèèjì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn olùkọ́ lè fi kọ́ ọmọ yín.

Ẹ sọ fún ẹni tí ó fi fídíò náà ránṣẹ́ pé ọjọ́ 17 oṣù kẹta ọdún 1932 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ àwọn fádà Patrick Mímọ́ sílẹ̀ ní Kiltegan, ní ẹkùn Wicklow, nítorí iṣẹ́ ìhìnrere ní gúúsù Nàìjíríà, àti pé ní 1961 ni wọ́n fi Patrick Mímọ́ ṣe alábòójútó Nàìjíríà nínú ìjọ Kátólíìkì. Bí ìjọ yín kì í bá bọ̀wọ̀ fún àwọn ènìyàn mímọ́, ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ ìsìn nìyẹn, ẹ bá olùṣọ́-àgùntàn yín sọ ọ́. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ọtí bò ó.

Ẹ wọ aṣọ òtútù fún ọmọ náà lábẹ́ aṣọ aláwọ̀ ewé, nítorí pé oṣù kẹta Dublin kì í ṣàánú ọmọ. Kí ó jẹun kí ó tó jáde, kí àgbàlagbà kan tí ẹ mọ̀ dúró tì í nínú èrò, kí wọ́n sì tètè padà sílé, torí pé ìrọ̀lẹ́ ni ọtí máa ń di wàhálà ní àárín ìlú.

Ní ti iṣẹ́ yín, èmi kì í ṣe agbẹjọ́rò, òfin sì máa ń yí padà, nítorí náà ẹ ka ìwé àdéhùn iṣẹ́ yín dáadáa. Ọ̀gá yín lè pè yín síbi iṣẹ́ ní ọjọ́ ìsinmi ìjọba, ṣùgbọ́n kò lè ṣe bí ẹni pé ọjọ́ lásán ni. Ó gbọ́dọ̀ fún yín ní owó iṣẹ́ ọjọ́ kan lé e, tàbí ìsinmi ọjọ́ mìíràn tí a sanwó rẹ̀ láàárín oṣù kan, tàbí kí ó fi ọjọ́ kan kún ìsinmi ọdún yín. Bí iṣẹ́ yín kò bá jẹ́ ti gbogbo ọ̀sẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ ti ṣe tó wákàtí 40 láàárín ọ̀sẹ̀ márùn-ún tí ó ṣáájú ọjọ́ náà. Ẹ ní kí ó kọ èyí tí ó yàn sílẹ̀ fún yín kí ọjọ́ náà tó dé. Bí ó bá kọ̀, ẹ kọ̀wé sí Workplace Relations Commission, àjọ ìjọba tí ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́, kí ẹ má sì jẹ́ kí ó pẹ́, nítorí pé oṣù mẹ́fà péré ni wọ́n sábà máa ń fún ẹni tí ó bá ní ẹ̀sùn.