Èsì: Kí ló dùn nínú kéèyàn rin ìrìn wákàtí 3 torí ẹyẹ kan?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní kí ló dùn nínú kéèyàn wakọ̀ fún wákàtí 3 torí ẹyẹ kan ṣoṣo, ẹ jẹ́ n sọ tèmi. Ìparí 2021 ni wọ́n rí ẹyẹ idì kan, Steller's sea eagle, ní Georgetown ní ìpínlẹ̀ Maine. Ẹyẹ yìí kì í ṣe ará Amẹ́ríkà níbí rárá o, ìlà oòrùn Rọ́ṣíà ló ti ń pa ọmọ, tí òtútù bá dé ọ̀pọ̀ nínú wọn á lọ sí Japan, àmọ́ èyí ṣìnà, wọ́n rí i ní Alaska ní 2020, wọ́n rí i ní Texas, ó dé Kánádà, kó tó wá já sí tòsí wa.

Mo gbéra ní Boston kílẹ̀ tó mọ́. Òtútù yẹn, ìka mi ò mọ nǹkan tó dì mú mọ́. A dúró sétí omi títí, ọkàn mi ti ń domi, àfìgbà tẹ́nì kan pariwo pé òun nìyẹn! Háà! Àgógó ẹnu ẹ̀ rèé gbàǹgbà, ó pọ́n bí ìyeyè, èjìká ẹ̀ funfun báláú, ó na apá méjèèjì, apá tó lè fẹ̀ tó mítà 2.4, idì olórí funfun ti Amẹ́ríkà níbí wá dà bí ọmọ ẹ̀. Obìnrin tí mi ò mọ̀ rí dì mọ́ mi, omijé bọ́ lójú àwa méjèèjì.

Ẹ lọ ní tiyín, ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀ 2, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má sún mọ́ ẹyẹ jù.