Ṣé Èèyàn Lè Fi Ìwé Nìkan Kọ́ Ẹ̀sìn Láìní Olùkọ́?

Ìbéèrè: Asalaamu alaykum, Ààfáà wa. Aṣọ ni mò ń tà lọ́jà. Bí èrò bá ti dá, mo máa ń ṣí fóònù mi, mo máa ń ka Sahih al-Bukhari, ìwé àkójọ hádíìsì, ìyẹn ọ̀rọ̀ àti ìṣe Ànábì, Lárúbáwá lókè, ìtumọ̀ nísàlẹ̀. Ó ti di ọdún kẹta báyìí. Ilé kéú tí mo lọ ní kékeré kò jìnnà, mi ò sì ní olùkọ́ kankan. Ní àsàlátù wa tó kọjá, mo sọ hádíìsì kan tí mo kà. Bàbá kan dá mi lẹ́kun lójú gbogbo èèyàn. Ó ní Ànábì sọ pé ẹni tí kò bá ní olùkọ́, èṣù ni olùkọ́ rẹ̀. Ó ní kí n tún gbogbo ìrun ọdún mẹ́ta náà kí, torí inú ìwé ni mo ti kọ́ ọ. Ó tún ní obìnrin kì í ka Bukhari fún èèyàn. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀rù ń bà mí láti ṣí ìwé. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé òótọ́ ni? Ṣé àwọn onímọ̀ àtijọ́ kò fi ìwé kọ́ ẹ̀sìn ni?

Ìdáhùn: Wa alaykumu salaam wa rahmatullah. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad.

Arábìnrin mi, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ẹrù yìí kalẹ̀ lórí yín. Gbólóhùn tí bàbá yẹn sọ kì í ṣe hádíìsì. Ọ̀rọ̀ tó gbajúmọ̀ lẹ́nu àwọn onísúfì ni, Ànábì kò sọ ọ́. Ó dùn mí pé wọ́n fi lé yín kúrò nídìí ìwé, torí ẹni tó bá fi ọ̀rọ̀ tí Ànábì kò sọ sí i lẹ́nu ti ṣe ohun tó burú ju ti ẹni tó ń dá ìwé kà lọ. Ẹ ṣí ìwé yín padà.

Ṣùgbọ́n mi ò ní torí pé wọ́n kàn yín lábùkù kí n wá fi òótọ́ pamọ́ fún yín. Olùkọ́ ṣe kókó. Ìtàn ìwé tó wà nínú fóònù yín gan-an ló sì máa fi hàn yín bó ṣe ṣe kókó tó.

Ọdún 256 Híjírà (870) ni Imam al-Bukhari kú. Nígbà náà, ọwọ́ ni wọ́n fi ń da ìwé kọ, ọwọ́ sì máa ń ṣìnà. Nítorí náà, ẹni tó da ìwé kọ kò tíì gbà pé òun ní in, àfi bó bá jókòó síwájú ẹni tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó ṣe é, tí ẹnìkan ń kà á sókè, tí àwọn yòókù ń wo ẹ̀dà ọwọ́ wọn. Al-Firabri gbọ́ Sahih náà lẹ́nu al-Bukhari fúnra rẹ̀. Al-Kushmihani gbọ́ ọ lẹ́nu al-Firabri. Lára àwọn tó gbọ́ ọ lẹ́nu al-Kushmihani ni obìnrin kan wà, Karima ọmọ Ahmad, ará Marw, tó wá fi Mẹ́kà ṣe ilé. Ẹ fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ sọ fún bàbá náà pé al-Khatib al-Baghdadi, àgbà onímọ̀ hádíìsì ní Baghdad, tó kú ní ọdún 463 (1071), ọ̀dọ̀ ìyá yìí ló lọ nígbà tó wá ṣe Háàjì, ó sì ka odindi Sahih al-Bukhari níwájú rẹ̀ láàárín ọjọ́ 5.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Abu al-Ghanaim al-Narsi, ròyìn bí nǹkan ṣe rí lọ́dọ̀ Karima. Ó ní ìyá náà gbé ẹ̀dà tirẹ̀ jáde fún òun, òun jókòó sí ọ̀kánkán rẹ̀, òun da ewé 7 kọ, òun sì kà á. Òun wá fẹ́ dá nìkan fi èyí tí òun kọ wé ti ìyá náà. Ìyá ní rárá, àfi bí àwọn bá jọ fi wéra. Wọ́n sì jọ ṣe é.

Ẹ wo ìjókòó yẹn dáadáa. Ìwé wà nílẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ ọ́n kọ, ó mọ̀ ọ́n kà. Ohun tí ìyá náà kò gbà ni pé kí ojú tó kọ ìwé náà tún jẹ́ ojú tó máa sọ pé kò sí àṣìṣe níbẹ̀.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí tètè yé àwa Yorùbá. Ẹ kọ “oko” sílẹ̀ láìsí àmì kankan lórí tàbí nísàlẹ̀, kí ẹ ní kí ọmọ kà á. Oko ni àbí ọkọ, ọkọ́ àbí ọkọ̀? Àfi ẹni tó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu ẹni tó sọ ọ́. Bí ìwé Lárúbáwá ìgbà náà ṣe rí nìyẹn: ọ̀pọ̀ ni kò ní àmì tó ń sọ bí wọ́n ṣe ń pe lẹ́tà, òmíràn kò tilẹ̀ ní èyí tó ń ya lẹ́tà kan sọ́tọ̀ sí èkejì.

Imam Muslim, àgbà onímọ̀ hádíìsì bíi al-Bukhari, mú àpẹẹrẹ kan wá tí mi ò jẹ́ gbàgbé láé. Zayd ibn Thabit, ọ̀kan lára àwọn sàábé Ànábì, ròyìn pé Ànábì la àyè kan sọ́tọ̀ nínú mọ́sálásí láti máa kírun níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó lò ni ihtajara. Ibn Lahia, tó ti jẹ́ adájọ́ ní Íjíbítì, rí hádíìsì yìí nínú ìwé, kò gbọ́ ọ lẹ́nu olùkọ́, ó sì sọ ọ́ di ihtajama. Lẹ́tà ìkẹyìn nìkan ló yí. Ihtajama ni kí wọ́n fi ìwo fa ẹ̀jẹ̀ lára èèyàn, híjáámà tí ẹ̀ ń gbọ́ lónìí. Bí àyè ìrun ṣe di ibi ìfàjẹ̀ nínú mọ́sálásí nìyẹn. Adájọ́ ni ẹni tí èyí ṣẹlẹ̀ sí o, èdè Lárúbáwá ló sì ń sọ látàárọ̀ dalẹ́.

Èyí tó máa ń wọ̀ mí lára jù ni ti al-Yunini ní Damásíkù, ní ọ̀rúndún keje Híjírà. Ó kó àwọn ẹ̀dà Sahih al-Bukhari tó ṣeé gbára lé jọ, ó jókòó, ó ń kà á sókè. Ibn Malik, ẹni tó ni Alfiyya, ewì lórí gírámà Lárúbáwá tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Lárúbáwá wa ṣì ń há sórí títí dòní, jókòó tì í, ó ń fi etí ṣọ́ èdè náà. Àwọn onímọ̀ mìíràn yí wọn ká, ẹ̀dà lọ́wọ́, ojú wọn kò kúrò lórí ewé. Bí ọ̀rọ̀ kan bá ta sí Ibn Malik létí, wọn yóò dúró, wọn yóò yẹ̀ ẹ́ wò, òun yóò sì sọ bó ṣe yẹ kí wọ́n pè é. Ìjókòó 71 ni wọ́n ṣe kí wọ́n tó kà á tán. Níbi tí àwọn ẹ̀dà bá ti yàtọ̀ síra, al-Yunini kò gbé ọ̀kan pamọ́. Ó kọ ọ́ sí ẹ̀bá ewé, ó fi àmì sọ ọ̀dọ̀ ẹni tó ti wá. Nígbà tí Sultan Abdulhamid Kejì, ọba ilẹ̀ Ottoman, pàṣẹ pé kí wọ́n tẹ Sahih náà jáde ní Bulaq ní Íjíbítì, láti 1311 sí 1313 Híjírà (1893 sí 1895), iṣẹ́ al-Yunini ni wọ́n gbé e kà, ọ̀pọ̀ ẹ̀dà tó sì wà káàkiri lónìí, ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣẹ̀ wá. Nítorí náà, bí ẹ bá jókòó sí ìsọ̀ yín, tí ẹ ń fi ìka ta ojú fóònù, etí àwọn èèyàn wọ̀nyẹn wà nínú àmì tí ẹ̀ ń wò lórí ọ̀rọ̀ Lárúbáwá. Àwọn ni wọ́n bá yín gbọ́ ọ.

Ẹ má sì rò pé àwọn abẹnugan nìkan ló ń jókòó níbẹ̀. Ní Damásíkù kan náà, bí wọ́n bá ka ìwé tán, wọ́n máa ń kọ orúkọ àwọn tó gbọ́ ọ sí ara ìwé náà, pẹ̀lú ọjọ́, ibi tí wọ́n ti kà á àti ẹni tó kà á. Oníṣòwò wà níbẹ̀, obìnrin wà níbẹ̀, ẹrú pàápàá wà níbẹ̀. Ẹni tó bá pẹ́ dé, wọ́n á kọ ibi tó fò ọ́ sílẹ̀. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5, “ó wà níbẹ̀” ni wọ́n á kọ fún un, wọn kì í kọ “ó gbọ́”. Títa aṣọ kò ní dí yín lọ́wọ́ àtijókòó láàárín wọn.

Ó wá ku ìdájọ́. Ibn al-Salah, tó kọ́ni ní Dar al-Hadith al-Ashrafiyya ní Damásíkù, tó sì kú ní ọdún 643 (1245), sọ̀rọ̀ lórí ẹni tó rí ìwé tí kò gbọ́ ọ lẹ́nu olùkọ́. Ó ní irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ sọ pé “wọ́n sọ fún mi” tàbí “mo gbọ́”. Kó sọ pé “mo rí i nínú ìwé lágbájá”. Ṣùgbọ́n ní ti kéèyàn fi ohun tó rí nínú ìwé tó dájú ṣiṣẹ́ ṣe, ó ní kò sí ọ̀nà mìíràn mọ́ nígbà tí ayé ti lọ jìnnà báyìí. Bí a bá ní àfi ẹni tó gbọ́ ọ lẹ́nu olùkọ́, ilẹ̀kùn ìmúlò hádíìsì á tì pa. Èrò tèmi náà nìyẹn. Hádíìsì tó yé yín kedere nínú ẹ̀dà tó dájú, lórí òótọ́ sísọ, òṣùwọ̀n tó pé, ìkíni, sùúrù, ẹ mú un lò, kò sẹ́ni tó lè dá yín dúró. Ọ̀rọ̀ ogún, ìkọ̀sílẹ̀, èèwọ̀ àti ẹ̀tọ́ ni kí ẹ má dá sọ fún ẹlòmíràn, torí hádíìsì kan lè wà tí òmíràn ti ká kò, ìtumọ̀ ìsàlẹ̀ yẹn náà sì jẹ́ òye ẹnìkan. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Ọlọ́hun nínú Suratu Nahl ti wọlé: ẹ bi àwọn oníràántí léèrè bí ẹ̀yin kò bá mọ̀.

Ní ti ìrun, ọkùnrin kan kírun tí kò pé níwájú Ànábì. Ànábì ní kó padà lọ kí i, lẹ́ẹ̀mẹta, títí ó fi sọ pé òun kò mọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí Ànábì kọ́ òun. Ó sì kọ́ ọ. Kò ní kó lọ san gbogbo ìrun tó ti kí sẹ́yìn. Ẹ̀yin náà, ẹ má san ìrun ọdún mẹ́ta kankan.

Àmọ́ ẹ wá olùkọ́ fún Fátíhà yín lọ́sẹ̀ yìí, torí ìwé kì í gbọ́ ohùn. An'amta túmọ̀ sí pé Ìwọ Ọlọ́hun ṣe ìdẹ̀ra. Bí ahọ́n bá yọ̀ tí ẹ pè é ní an'amtu, ó ti di “èmi ni mo ṣe ìdẹ̀ra”. Ẹ lè ka á bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá kí fóònù má sọ nǹkan kan. Ìyá tàbí ààfáà tó kéú dáadáa yóò gbọ́ ọ ní ẹ̀ẹ̀kan, yóò sì dá yín dúró. Bí ọjà kò bá jẹ́ kí ẹ ráyè rìn, ẹ pè é lórí fóònù, ẹ kà á sí i létí.

Bí Fátíhà bá ti dúró, ẹ mú Arba'in ti al-Nawawi, hádíìsì 42 péré ló wà nínú rẹ̀, ẹ kà á sókè níwájú olùkọ́ kan náà, ẹyọ kan lọ́sẹ̀. Ẹ ra ìwé kékeré kan. Bí ẹ bá ti parí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ọjọ́ rẹ̀ síbẹ̀ àti orúkọ ẹni tí ẹ kà á fún, kí òun náà sì fọwọ́ sí i bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Damásíkù.

Wallahu a'lam.